Ojúṣe Ẹni Tí Kò Ní Pẹ́ Lọ



Ní ọdọọdún, bí ilé-ìwé bá ti wọ ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn tí gbogbo wa ń pè ní fákáńsì, ọ̀pọ̀ ìdílé ní Igolo a máa di ẹrù. Àwọn kan a gba ọ̀nà Àjàṣẹ́ àti Kútọnu. Àwọn mìíràn a kọjá ibodè sí Ìdí-Ìrókò, wọ́n a sì ti ibẹ̀ lọ sí Èkó. Ẹ jẹ́ kí a wo irú ìdílé bẹ́ẹ̀ kan. Bàbá rí iṣẹ́ bíríkìlà fún oṣù méjì ní Àjàṣẹ́. Ó kó ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta dání, èyí tí ó dàgbà jù nínú wọn kò ju ọmọ ọdún méje lọ. Wọ́n gba yàrá kan nínú ilé tí àwọn ayálégbé mìíràn ti wà. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, onílé pe gbogbo ilé jọ nítorí gọ́tà tí ó dí, tí omi òjò kò rí ọ̀nà gbà kọjá. Ó ní kí olúkúlùkù mú owó díẹ̀ wá, kí àwọn ọkùnrin sì gbé ṣọ́bìrì ní ọjọ́ Sátidé. Bàbá yìí dáhùn pé: “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka àwa mọ́ ọn. A kò ní pẹ́ lọ.”

Ǹjẹ́ ìdáhùn yìí tọ̀nà? Ǹjẹ́ ojúṣe ènìyàn kéré nítorí pé ọjọ́ rẹ̀ kéré?

Kí a má yára dá a lẹ́bi. Òfin Ìjọ Mímọ́ pàápàá, nínú Ìwé Òfin ti ọdún 1983, mọ ìyàtọ̀ láàrin onílé àti ẹni tí ń kọjá lọ. Òfin 102 ka ẹni tí ó wá sí agbègbè kan pẹ̀lú èrò láti gbé ibẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, ó kéré tán, sí ẹni tí ó ní irú ibùgbé kan níbẹ̀. Ẹni tí kò ní lò tó bẹ́ẹ̀ jẹ́ arìnrìn-àjò, òfin 13 sì sọ pé àwọn òfin tí ó jẹ́ ti agbègbè náà nìkan kò dè é, àfi àwọn díẹ̀, pàápàá èyí tí ó kan ètò àlàáfíà gbogbo ènìyàn. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Kò tọ́ kí a di ẹrù ọdún mẹ́wàá ru ẹni tí yóò sùn fún ọgọ́ta òru. Bí àwọn ayálégbé bá ń dá owó láti tún òrùlé ṣe di ọdún tí ń bọ̀, ó lè fi ìrẹ̀lẹ̀ sọ pé ìyẹn kì í ṣe ti òun, ẹ̀rí-ọkàn rẹ̀ kò sì ní bá a wí.

Ṣùgbọ́n gọ́tà kò mọ òfin 102. Omi tí ìyá fi wẹ àwọn ọmọ ní alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n dé, inú gọ́tà yẹn ni ó ṣàn lọ.

Ojúṣe kan wà tí àdéhùn ń bí, a lè fi oṣù wọ̀n ọ́n. Òmíràn wà tí ó jẹ́ pé wíwà tí a wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnìkejì nìkan ni ó bí i. Ẹ rántí ará Samáríà inú Ìhìnrere Lúùkù Mímọ́. Nígbà tí a bá ń kọ́ni ní ìtàn yìí, a sábà máa ń sọ̀rọ̀ nípa àánú rẹ̀, a sì máa ń gbàgbé pé arìnrìn-àjò ni òun náà. Kì í ṣe ará ìlú tí ó wà lójú ọ̀nà náà. Òru kan péré ni ó lò ní ilé-èrò pẹ̀lú ẹni tí a ṣá lọ́gbẹ́. Ní ọjọ́ kejì ó san dínárì méjì, ó sì bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ẹ̀tọ́ láti wí pé òun kò ní pẹ́ lọ, òun ni.

Ìdí kejì tí ìdáhùn bàbá yìí fi mẹ́hẹ ni pé kò sí ẹni tí ó mọ iye ọjọ́ àjò rẹ̀. Nígbà tí Nebukadinésárì kó àwọn ọmọ Júdà lọ sí Bábílónì, wòlíì èké kan tí ń jẹ́ Hananáyà kéde ní Jerúsálẹ́mù pé láàrin ọdún méjì gbogbo wọn yóò padà wálé. Ọ̀rọ̀ tí ó dùn mọ́ni ni. Jeremáyà ní tirẹ̀ kọ lẹ́tà sí àwọn ìgbèkùn náà pé kí wọ́n kọ́lé, kí wọ́n gbin ọgbà, kí wọ́n sì máa gbàdúrà fún ire ìlú tí wọ́n wà, nítorí pé ìlú náà ni àlàáfíà tiwọn náà so mọ́. Àádọ́rin ọdún ni ó sọ fún wọn. Ẹ wo ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ bí wọ́n bá gbọ́ ti Hananáyà: wọn ì bá jókòó ti ẹrù wọn, ọmọ wọn ì bá sì dàgbà lórí ẹrù dídì. Bákan náà ni Elimélékì àti Náómì, tí wọ́n kó ọmọkùnrin méjì kúrò ní Bẹ́tílẹ́hẹ́mù lọ sí Móábù nítorí ìyàn. Àtìpó ni wọ́n fẹ́ ṣe. Ibẹ̀ ni bàbá kú sí, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́wàá àwọn ọmọ méjèèjì náà sì ti kú síbẹ̀. Àwa ará ibodè kò nílò ẹlẹ́rìí púpọ̀ lórí èyí. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, tí fákáńsì ṣì ń lọ lọ́wọ́, Nàìjíríà ti ibodè orí ilẹ̀ rẹ̀. Oṣù kẹrin ọdún 2022 ni wọ́n tó kéde ṣíṣí ti Ìdí-Ìrókò.

Mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí àwọn ọmọ, nítorí pé àwọn ni ọ̀rọ̀ náà kàn jù, bẹ́ẹ̀ ni kò sì sí ẹni tí í bi wọ́n léèrè. Fún bàbá tí ó jẹ́ ọmọ ogójì ọdún, oṣù méjì jẹ́ ìdá kan nínú òjìlúgba ọjọ́ ayé rẹ̀. Fún ọmọ ọdún mẹ́rin, ìdá kan nínú mẹ́rìnlélógún ni. Ohun tí àgbà ń pè ní ìgbà díẹ̀, odindi ìgbà kan ni nínú ayé ọmọ náà. Kò mọ ohun tí à ń pè ní “a kò ní pẹ́ lọ”. Kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó pé, ó ti ń fi èdè Ègùn ka ení, èjì pẹ̀lú àwọn ọmọ yàrá kejì. Bí ìyá rẹ̀ bá wá fà á lọ́wọ́ wọlé, tí ó wí pé, “Fi wọ́n sílẹ̀, wọn kì í ṣe ẹni wa, a ó lọ láìpẹ́,” ọmọ náà ti gba ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ kan ní fákáńsì yẹn: pé àwọn ènìyàn kan wà tí wọn kò tó ohun tí à ń kà sí. Ẹ̀kọ́ náà yóò pẹ́ lára rẹ̀ ju oṣù méjì lọ.

Ti àwọn onílé ńkọ́? Àwọn náà ní ẹjọ́ láti jẹ́. Àwọn kan wà tí wọ́n máa ń sọ ọmọ àlejò di apọnmi gbogbo ilé, tí wọ́n sì ń sọ pé kò yẹ kí a bá àwọn tí ń lọ ní oṣù kẹsàn-án ṣe ọ̀rẹ́. Ìhìnrere Mátíù Mímọ́ sọ fún wa pé ní òru ni Jósẹ́fù Mímọ́ gbé Ọmọ náà àti Ìyá rẹ̀ sá fún Hẹ́rọ́dù lọ sí Íjíbítì. Kò sọ ìlú tí wọ́n wọ̀ sí, kò sọ iye oṣù tí wọ́n lò, kò sì dárúkọ ẹnikẹ́ni tí ó yá wọn ní ìkòkò. Síbẹ̀, ẹnìkan ti ní láti yá wọn. Póòpù Pius kejìlá, nínú ìwé rẹ̀ Exsul Familia ti ọdún 1952, fi Ìdílé Mímọ́ yìí ṣe àpẹẹrẹ fún gbogbo ìdílé tí ó kúrò ní ilẹ̀ wọn. Katikísìmù Ìjọ Kátólíìkì pẹ̀lú, ní nọ́ńbà 2241, di ẹrù náà sí apá méjèèjì: kí àwọn tí ó ní gba àlejò, kí àlejò sì fi ọpẹ́ bọ̀wọ̀ fún ohun tí ó bá nílẹ̀, kí ó sì bá wọn gbé ẹrù ìlú. Ṣọ́bìrì ọjọ́ Sátidé wà nínú ẹrù náà.

Ọ̀rọ̀ Faransé tí a fi ń pe ìjọ àdúgbò, paroisse, wá láti inú èdè Gíríkì paroikía, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ gbígbé ní ilẹ̀ tí kì í ṣe tẹni. Ìwé Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì lò ó fún ìgbà tí Ísírẹ́lì wà ní Íjíbítì. Nítorí náà ẹni tí ó bá jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú láti ogún ọdún, tí ó ń wo ìdílé tuntun bí ẹni pé wọ́n ṣìnà, àtìpó ni òun náà gẹ́gẹ́ bí orúkọ ilé tí ó jókòó sí.

Ní ti ẹ̀yin tí ẹ kò tí ì gba Ìrìbọmi, tí ẹ ó lo fákáńsì níbòmíràn: ẹ gba ìwé lọ́wọ́ katikísì yín kí ẹ tó lọ, kí ẹ fi í han àlùfáà tàbí katikísì ibẹ̀, kí ẹ̀kọ́ má baà dúró. Ẹ kó àwọn ọmọ lọ sí Mísà ní Ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ gan-an, kí ẹ má ṣe dúró de ìgbà tí ẹrù bá tò tán. Àjọ̀dún Ìgbàsókè Màríà Wúndíá, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹjọ, yóò bá yín níbẹ̀. Bí ẹ kò bá mọ wákàtí Mísà, ẹ bi ìyá tí ó wà ní yàrá kejì. Bí òun kò bá tilẹ̀ jẹ́ Kátólíìkì, yóò mọ ẹni tí ó jẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú àdúgbò.