Ọpẹ́ àti Ìfòyemọ̀ nínú Ọmọ Títọ́

Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Òbí Kírísítẹ́nì tí ó ti Èjìgbò lọ ṣòwò ní Treichville, ní Abidjan, lè fi òwe yìí kọ́ ọmọ rẹ̀ láti dúpẹ́ lọ́wọ́ olùkọ́ tí ó fi èdè Faransé là á lójú. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣé olùdúpẹ́ kò gbọdọ̀ yẹ ẹ̀bùn wò ni? Nínú orí karùn-ún ìwé kìíní sí àwọn ará Tẹsalóníkà, Pọ́ọ̀lù pàṣẹ ọpẹ́ ní ẹsẹ 18. Ní ẹsẹ 21, ó ní kí a dán ohun gbogbo wò. Ẹni tí ó ń sẹ́ ògì kò kórìíra àgbàdo. Eèrí ni kò fẹ́.

Kí òbí gba ìmọ̀ Faransé tọwọ́tẹsẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó sẹ́ èrò pé èdè ilé kò níláárí dànù. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọmọ yóò mọ bí a ṣe ń dúpẹ́ lọ́wọ́ olùkọ́, kò sì ní lè bá ìyá tí ó bí i gbàdúrà. Àìmoore wo ni ó ju èyí lọ? Ìfòyemọ̀ ni kì í jẹ́ kí ọpẹ́ ẹnì kan di ìgbàgbé ẹlòmíràn.