Ta Ni Ó Ni Abẹ́ Ilẹ̀?

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí Ó dá sánmà àti ilẹ̀. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi nínú Ìsìláàmù, gbogbo wa ni a ti gbọ́ hádíìsì ilẹ̀ méje: pé ẹni tí ó bá fi àbòsí gba ilẹ̀ ẹlòmíràn, bí kò tilẹ̀ fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, a ó gbé e kọ́ ọ lọ́rùn ní Ọjọ́ Ìgbéǹde títí dé ilẹ̀ keje. Ọ̀pọ̀ wa ń gbọ́ ọ bí ìkìlọ̀ nípa ìyà nìkan. Ṣùgbọ́n àwọn onímímọ̀ fa ìdájọ́ yọ nínú rẹ̀, pé ẹni tí ó ni ojú ilẹ̀ ni ó ni ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó sì lè kọ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ gbẹ́ ọ̀nà gba abẹ́ rẹ̀ kọjá.

Ìdájọ́ yìí ti di ọ̀rọ̀ òní ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Afẹ́fẹ́ carbon dioxide tí ń jáde láti àwọn ilé iṣẹ́ wà lára ohun tí ń mú kí ayé gbóná. Nítorí náà ni àwọn kan ṣe ń kó o jọ, tí wọ́n ń fún un pọ̀ títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí omi, tí wọ́n sì ń fi páìpù tì í wọ inú ilẹ̀ lọ, ó jìn ju kìlómítà kan lọ. Kì í ṣe inú ihò kan tí ó fẹ̀ bíi yàrá ni wọ́n ń kó o sí. Àpáta ibẹ̀ ní ihò wẹ́wẹ́ bíi kànrìnkàn, omi iyọ̀ ni ó wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, àpáta líle mìíràn sì dé e lórí bí ọmọrí ìkòkò. Bí wọ́n bá tì í wọlé láti orí ilẹ̀ ẹnì kan, yóò tàn lọ sí abẹ́ oko àwọn aládùúgbò rẹ̀. Afẹ́fẹ́ kò mọ ààlà.

Ìpínlẹ̀ North Dakota ṣe òfin ní ọdún 2009 pé onílẹ̀ ni ó ni àwọn ihò náà. Ní ọdún kan náà, wọ́n ṣe òfin mìíràn: bí àwọn tí ó ni ìdá 60 nínú 100 ihò náà bá ti gbà, ìjọba lè fi ti àwọn tí ó kọ̀ mọ́ ọn, kí a sì san owó tí ó tọ́ fún wọn. Illinois ṣe tirẹ̀ ní ọdún 2024, ìdá 75 ni òun béèrè. Ní ọdún 2019, àwọn aṣòfin North Dakota tún gbìyànjú láti yọ̀ǹda fún àwọn tí ń wa epo kí wọ́n máa lo ihò wọ̀nyí láìsan owó fún onílẹ̀. Ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ níbẹ̀ fagi lé e ní ọdún 2022. Mi ò rò pé aláfà kan yóò ta ko ìdájọ́ yẹn. Ti ìdá 60 ni ó le.

Ẹni tí ó bá ti òfin náà lẹ́yìn yóò rántí Umar. Dahhak ọmọ Khalifa fẹ́ la ipa omi gba inú ilẹ̀ Muhammad ọmọ Maslama kọjá, onílẹ̀ sì kọ̀. Umar bi í pé kí ló dé tí ó fi ń dí arákùnrin rẹ̀ lọ́wọ́ ohun tí yóò ṣe òun náà láǹfààní, tí kò sì ní pa á lára. Nígbà tí ó ṣe orí kunkun, Umar búra pé omi náà yóò kọjá, ì báà jẹ́ orí ikùn rẹ̀ ni yóò gbà. Imam Malik mú ìtàn yìí wá nínú Muwatta. Bí a bá lè torí omi oko fi ipá mú onílẹ̀, ṣé a kò lè torí ayé tí ń gbóná ṣe é?

Ẹ jẹ́ kí a tún ìtàn náà wò. Umar kò ka iye aládùúgbò tí ó gbà. Ẹnì kan ṣoṣo tí ó kọ̀ ni ó kọjú sí, àǹfààní ẹni náà àti ìpalára tí ó lè bá a ni ó sì gbé yẹ̀ wò. Omi hàn sójú pẹ̀lú; bí ó bá ya, onílẹ̀ yóò rí i, yóò sì pe ẹni tí ó la ipa rẹ̀. Ti abẹ́ ilẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ní Decatur ní Illinois, níbi tí iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2011, ó di mímọ̀ ní ọdún 2024 pé afẹ́fẹ́ náà ti gba ara kànga ìṣọ́ kan kúrò ní ìpele tí wọ́n yọ̀ǹda fún un. Kò dé inú omi mímu, kí á má bù mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n kò sí àgbẹ̀ tí ì bá dúró lórí oko rẹ̀ kí ó rí i. Ní North Dakota ẹ̀wẹ̀, bí ọdún 10 bá ti kọjá lẹ́yìn tí wọ́n dáwọ́ dúró, ilé iṣẹ́ náà lè gba ìwé ẹ̀rí, kí ó gbé ohun gbogbo lé ìjọba lọ́wọ́, kí ó sì bọ́ lọ́wọ́ gbèsè rẹ̀. Ẹni tí yóò wá máa gbé lórí rẹ̀ ni ọmọ ọmọ onílẹ̀, ẹni tí kò sí nínú ìdá 60, tí kò sì sí nínú ìdá 40.

Ẹnì kan lè sọ pé nínú mádíhábì Malik tí à ń tẹ̀lé, ohun àlùmọ́nì wà lábẹ́ àṣẹ olórí, bí ilẹ̀ náà tilẹ̀ jẹ́ ti ẹnì kan. Òótọ́ ni, òfin Nàìjíríà náà sì fi í sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀. Ṣùgbọ́n ohun àlùmọ́nì ni à ń wà jáde, tí ó sì ń tán. Èyí ni à ń kó wọlé kí ó lè máa wà níbẹ̀ láéláé. Gbígbé ẹrù sí ilé onílé ni ó jọ. Èrò tèmi ni pé olórí lè fi ipá mú ẹni tí ó kọ̀, bí ó bá kọ́kọ́ fi ẹ̀rí hàn án pé kò ní pa á lára, tí gbèsè náà sì wà lọ́rùn ẹni tí ó gbé ẹrù náà síbẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí ẹrù bá ṣì wà níbẹ̀. Iye àwọn tí ó gbà kò lè dípò ẹ̀rí yẹn.

Níhìn-ín, òfin ilẹ̀ ọdún 1978 ti fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà. Bí iṣẹ́ yìí bá dé ọ̀dọ̀ wa, kò sí ìdá 60 nínú òfin yẹn tí onílẹ̀ lè tọ́ka sí, ká má tilẹ̀ sọ ti ìdá 75. Ẹ̀yin agbẹjọ́rò tí ẹ wà nínú ìjọ yìí, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó kí páìpù tó dé.

Mo sọ ọ̀rọ̀ mi yìí, mo sì ń tọrọ àforíjìn Ọlọ́hun fún èmi àti ẹ̀yin.