Ta Ló Dá 2147483647?

Ọmọbìnrin kan béèrè lọ́wọ́ mi ní kíláàsì pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé Ọlọ́run lè pín 2147483647 dọ́gba?" Àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín.

Bẹ̀rẹ̀ láti orí 1, sọ ọ́ di ìlọ́po méjì nígbà 31, kí o wá yọ ẹyọ kan kúrò: òun nìyẹn. (Àwa tí à ń pe 17 ní ẹ̀tàdínlógún, yíyọ ò ṣàjèjì sí wa.) Lọ́dún 1772, ní St. Petersburg, nígbà tí ojú Leonhard Euler, onímọ̀ ìṣirò, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ tán, ó fi hàn pé kò sí nọ́ńbà tó lè pín in láìṣẹ́kù, àfi 1 àti òun fúnra rẹ̀. Kò dán gbogbo wọn wò o. Òye ló fi yọ èyí tó pọ̀ jù dànù.

Mo gbà pé Olódùmarè ló dá ohun gbogbo. Síbẹ̀, n kò lè fojú inú rí ọjọ́ tí nọ́ńbà yìí ṣeé pín. Euler, ọmọ pásítọ̀, kò dá a; ṣe ló bá a níbẹ̀.

Mo ní kí ọmọ náà fi 3 gbìyànjú ná. Nígbà tí agogo fi máa lù, ó ti dé orí 23, àṣẹ́kù ṣì wà.