Orúkọ Tí Ọlọ́run Fi Ń Pè Wá

Ẹ̀yin ará mi ọ̀wọ́n tí ẹ ń múra sílẹ̀ fún ìrìbọmi ní Kambolé, ní Tchamba àti ní Sokodé, ẹ mọ̀ pé ní gúúsù Tógò, wọ́n so orúkọ Tchamba mọ́ àwọn ẹrú tí a rà láti àríwá. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ a máa pẹ́ lọ́kàn ènìyàn.

Ẹ wo Ẹni Mímọ́ Josephine Bakhita, ọmọ Dárfúr ní Sùdáánì. Wọ́n jí i gbé ní kékeré. Ìpayà mú kí ó gbàgbé orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́. Wọ́n tà á, wọ́n nà án, wọ́n fi abẹ ya á lára. Ní ọjọ́ 9 oṣù kìíní ọdún 1890, ó gba ìrìbọmi ní Venice. Láti ìgbà náà, a máa fi ẹnu ko ibi omi náà, nítorí níbẹ̀ ni ó ti di ọmọ Ọlọ́run. Àpá kò parẹ́ lára rẹ̀, ṣùgbọ́n àpá kọ́ ni orúkọ rẹ̀.

Nítorí náà, bí a bá fi ìran tàbí òṣì yín gàn yín, ẹ má ṣe gbà á. Ẹ má sì ṣe gbéraga: àwòrán Ọlọ́run ni ẹni tí ń gàn yín pẹ̀lú.

Ìbéèrè: Ta ni mí?
Ìdáhùn: Ẹni tí Ọlọ́run dá ní àwòrán ara rẹ̀, tí Krístì sì kú fún.