Ta Ni Ó Ni Ọ̀rọ̀ Tí A Kọ Sílẹ̀?

Ẹ̀kọ́ kan wà tí ẹni tí ó bá wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní ilẹ̀ wa gbọ́dọ̀ gbà kọjá ní ọdún kìíní, ìbáà ṣe iṣẹ́ ìṣègùn ni ó wá kọ́, tàbí iṣẹ́ ẹ̀rọ, tàbí ìṣirò owó. Ẹ̀kọ́ nípa kíkọ àròkọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ni. GNS 101 ni wọ́n ń pè é ní àwọn pólítẹ́kíníkì. GST 111 sì ni ní àwọn yunifásítì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa fi ojú tín-ín-rín wò ó. Wọn a ní, “A ti ń kọ àròkọ láti kékeré, kí ni ó tún kù tí a ó kọ́?” Èmi tí mo ti ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ yìí ní ọjọọjọ́ Sátidé, ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní ẹ̀bá Ìkẹjà, mo rò ó bẹ́ẹ̀ rí. Mo rò pé iṣẹ́ mi kò ju kí n fi bírò pupa fa ìlà sí abẹ́ àṣìṣe lọ. Obìnrin òṣìṣẹ́ kan ni ó là mí lójú pé ìbéèrè tí ó wà ní ìdí ẹ̀kọ́ náà jinlẹ̀ ju ti gírámà lọ. Ìbéèrè náà ni èyí: bí ènìyàn bá fi orúkọ rẹ̀ sí abẹ́ ọ̀rọ̀, kí ni ó fi ara rẹ̀ jẹ́rìí sí?

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè ìyá wa ni a ṣe ń jẹ ìyà ẹ̀kọ́ yìí. Ní Amẹ́ríkà, nígbà tí yunifásítì Harvard bẹ̀rẹ̀ sí í fi kíkọ àròkọ dán àwọn tí ó fẹ́ wọlé wò ní ọdún 1874, púpọ̀ nínú wọn ni ó kùnà, bẹ́ẹ̀ sì ni ọmọ ọlọ́lá ni wọ́n, tí wọ́n ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì láti orí itan ìyá wọn. Ní ọdún 1885 ni wọ́n wá sọ ẹ̀kọ́ náà di ti ọdún kìíní fún gbogbo wọn. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ yòókù tẹ̀lé wọn. Nígbà tí Yunifásítì Nàìjíríà ṣí ní Nsukka ní ọdún 1960, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ yunifásítì ìpínlẹ̀ Michigan, irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ bá wọn wọlé. Ẹni tí ó gbọ́ èdè kò tíì di ẹni tí ó mọ̀ ọ́n kọ.

Ẹ̀yin tí ẹ bá mọ òpópó Ọba Akran ní Ìkẹjà, tí ẹ sì mọ ọ̀nà tí ó gba Ọ̀gbà lọ sí Agége, ẹ ó mọ irú ènìyàn tí ń wá sí kíláàsì ọjọ́ Sátidé. Oko kòkó àti oko obì ni a fi mọ Agége nígbà kan rí. Ọkọ̀ ojú irin ni ó ń gbé obì rẹ̀ lọ sí ilẹ̀ Hausa. Ní àwọn ọdún 1950 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ayé àtijọ́ ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ ní Ìkẹjà fún àwọn ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ, láti ìgbà náà ni ọmọ ẹnu ọ̀nà Agége sì ti ń jí sí ohùn ẹ̀rọ. Àmọ́ láti ìgbà tí ilé-iṣẹ́ ńlá bí Dunlop ti dá táyà síṣe dúró ní ọdún 2008, ọkàn òṣìṣẹ́ kò balẹ̀ mọ́. Ẹni tí ó ní iṣẹ́ lónìí ń wá ìwé-ẹ̀rí de ọ̀la.

Obìnrin tí mò ń wí yìí tó ẹni ogójì ọdún, ó ju èmi olùkọ́ rẹ̀ lọ. Ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe náílọ̀n omi ni ó ń bá ṣiṣẹ́, ní ọ̀sẹ̀ kan ní ọ̀sán, ní ọ̀sẹ̀ kejì ní òru. Ní ọ̀sẹ̀ iṣẹ́ òru, láti ẹnu iṣẹ́ ni í ti í wá sí kíláàsì, tòun ti oorun lójú. Mo ní kí gbogbo wọn kọ àròkọ kan wá láti ilé: “Ọjọ́ kan tí n kò lè gbàgbé.” Ó mú ojú ìwé méjì wá tí a fi ẹ̀rọ tẹ̀, tí ó sọ bí òun ṣe gun òkè kan ní àkókò ìsinmi, bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fẹ́, àti bí ọkàn òun ṣe kún fún ọpẹ́. N kò rí àṣìṣe kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Mo fún un ní máàkì 17 nínú 20.

Ní Sátidé kejì mo ní kí wọ́n kọ òmíràn lórí ohun kan náà níṣojú mi. Èyí tí ó kọ ní ọjọ́ náà sọ nípa òru tí ọ̀bẹ ẹ̀rọ gé ìka méjì lọ́wọ́ obìnrin tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Gẹ́gẹ́ bí a ti ń sọ ọ́ ní Yorùbá ni ó ṣe kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, pé ẹ̀rọ jẹ ọwọ́ rẹ̀. Mo fa ìlà pupa sí abẹ́ rẹ̀. Mo fa ìlà sí abẹ́ ohun púpọ̀ mìíràn, mo sì fún un ní 8.

Nígbà tí àwọn yòókù lọ tán, ó dúró.

“Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Nínú méjèèjì yìí, èwo ni ẹ fẹ́ kí n máa kọ?”

Mo ní, “Èyí tí ó bá jẹ́ tiyín ni, ẹ̀gbọ́n mi.”

“Èyí tí ó jẹ́ tèmi ni ẹ fún ní mẹ́jọ. Ọmọkùnrin kan ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ní Pẹn Sínímà ni ó bá mi fi ẹ̀rọ kọ èkejì. Ẹgbẹ̀rún kan náírà ni mo san. N kò gun òkè kankan rí.”

Ẹnu mi wọ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ dá a rò: nínú àwa méjèèjì, ta ni ó kọ́ ìkejì rẹ̀ ní irọ́ pípa?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbọ́ ti ẹni tí yóò gbèjà rẹ̀. Yóò wí pé kò sí ẹni tí ó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Inú ẹnu àwọn tí ó ṣíwájú wa ni gbogbo wa ti bá a. Ọmọ-iṣẹ́ a máa wo ọwọ́ ọ̀gá rẹ̀, a sì máa ṣe bí ó ti ń ṣe, kò sì sí ẹni tí ó pè é ní olè. Àwọn ọ̀mọ̀wé ti fi hàn pé Amos Tutùọlá pàápàá jẹ nínú oúnjẹ tí D. O. Fágúnwà ti gbé kalẹ̀ ní ọdún 1938. Òtítọ́ ni gbogbo èyí. Bí a bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe yá ohunkóhun lò, a ní kí ó ya odi nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ wo bí àwọn baba wa ṣe ń yá ọ̀rọ̀ lò. Bí ọ̀dọ́mọdé bá fẹ́ pa òwe láwùjọ àgbà, kì í dédé là á mọ́lẹ̀ bí ẹni pé inú rẹ̀ ni ó ti hù. Yóò wí pé, “Tótó, ó ṣe bí òwe o,” àwọn àgbà yóò sì dá a lóhùn pé, “Wàá rí òmíràn pa.” Àgbà fúnra rẹ̀ yóò ní, “Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní.” Babaláwo kì í kọ́kọ́ sọ ọ̀ràn tí ó wà nílẹ̀, orúkọ àwọn tí ó dífá ní àtètèkọ́ṣe ni yóò kọ́kọ́ dá, àti orúkọ ẹni tí wọ́n dá a fún. Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga rò pé òfin òyìnbó ni kí a máa dárúkọ ẹni tí a mú ọ̀rọ̀ láti ọ̀dọ̀ rẹ̀, wọ́n sì ń kùn sí i. Òfin náà ti wà nínú ẹnu wa kí ìwé tó dé. Yíyá kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Fífi orúkọ olóhun pamọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀.

Ọ̀ràn ti Tutùọlá tún kọ́ mi ní ohun kan tí ó dùn mí. Ọmọ Abẹ́òkúta ni, kò kàwé lọ títí, iṣẹ́ òjíṣẹ́ ni ó ń ṣe ní ọ́fíìsì ìjọba ní Èkó nígbà tí ó kọ ìwé rẹ̀ nípa ọ̀mùtí tí ó lọ wá adẹ́mu rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní London ní ọdún 1952, àwọn alákọ̀wé ilẹ̀ wa kan bínú, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ yóò kó ìtìjú bá wa. Bí ó bá jẹ́ pé ọjọ́ Sátidé ni ó wá sí kíláàsì mi, èmi ìbá ti fún un ní 8.

N kò wí pé kí olùkọ́ kó bírò pupa rẹ̀ dànù. Ẹni tí yóò gbẹ́jọ́ tàbí ẹni tí yóò ka ìwé ẹ̀bẹ̀ kò ní àkókò láti máa túmọ̀ ohun tí kò yé e, aláìní ni yóò sì jìyà rẹ̀. Ṣùgbọ́n wo gbólóhùn tí mo fa ìlà sí, pé ẹ̀rọ jẹ ọwọ́ rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀nà kan tí a lè gbà sọ pé ohun kan ṣẹlẹ̀ sí ènìyàn láìdárúkọ ẹni tí ó ṣe é, etí tí ó gbọ́ ọ yóò sì gbà pé gbólóhùn náà pé. Yorùbá kì í jẹ́ kí a sá bẹ́ẹ̀. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, bí kò tilẹ̀ ju “wọ́n” lọ. Obìnrin yìí kọ Gẹ̀ẹ́sì tí kò dára, ṣùgbọ́n ó ní ohun kan tí ó gé ìka náà.

Nígbà tí mo jókòó tì í, ó wá sọ ìdí tí òun fi wá kọ́ ẹ̀kọ́ yìí fún mi, ìwé-ẹ̀rí sì kọ́ ni olórí rẹ̀. Lẹ́yìn ìjàm̀bá náà, ẹnìkan ní ilé-iṣẹ́ wọn kọ ìròyìn ohun tí ó ṣẹlẹ̀, wọ́n sì ní kí obìnrin tí ó farapa náà tẹ ìka sí i. Kò mọ̀ ọ́n kà, kò sì sí ẹni tí ó kà á fún un. Nígbà tí ẹ̀dà rẹ̀ dé ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ mi, ó rí i pé a kọ ọ́ síbẹ̀ pé àìfarabalẹ̀ òṣìṣẹ́ ni ó fà á. Kò sí ibi tí a ti sọ pé wọ́n ti ṣí ìdérí ọ̀bẹ ẹ̀rọ náà kúrò láti oṣù mélòó kan kí iṣẹ́ lè yá. Ó ní, “Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ dára, Tíṣà. Kò sí àṣìṣe kankan nínú rẹ̀.”

Òfin kan wà ní ilẹ̀ wa láti ìgbà ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí a ṣe láti dáàbò bo àwọn tí kò mọ̀wé. Ó pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni tí ó bá bá aláìmọ̀wé kọ ìwé gbọ́dọ̀ kọ orúkọ ara rẹ̀ àti àdírẹ́sì rẹ̀ sí i. Bí ó bá ti kọ ọ́, ó ti jẹ́rìí pé ẹni náà ni ó rán òun, pé ohun tí ó rán òun gan-an ni òun kọ, àti pé òun kà á fún un, òun sì túmọ̀ rẹ̀ kí ó tó tẹ ìka. Mo ka òfin yìí lẹ́ẹ̀kan sí i ní alẹ́ ọjọ́ náà, ojú sì tì mí fún àwa tí a mọ̀wé. Akọ̀wé lẹ́tà tí ó jókòó sí ẹ̀bá ọjà, òfin ní kí ó fara hàn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó fi owó ra àròkọ, òun ni ó ń fi orúkọ ara rẹ̀ bo ẹni tí ó kọ ọ́ mọ́lẹ̀.

Láti òpin ọdún 2022 tí ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní ChatGPT ti jáde, ẹni tí a ń bò mọ́lẹ̀ kò tilẹ̀ jẹ́ ènìyàn mọ́. N kò bú ẹ̀rọ náà. Ó lè tọ́ka sí ibi tí sípẹ́lì ti yẹ̀, ó sì ní sùúrù jù mí lọ. Ṣùgbọ́n kò ní ọjọ́ kan tí kò lè gbàgbé. Kò dúró ní ẹ̀gbẹ́ ẹnikẹ́ni ní òru, bí ilé-ẹjọ́ bá sì pè é, kò ní lè búra. Nígbà tí ó bá bá wa kọ̀wé, a kò rí ẹlẹ́rìí gbà. Ọ̀rọ̀ nìkan ni a rí gbà, tí ó gún régé, tí kò sí ẹni tí ó rí ohun tí ó ń wí.

Mo pa máàkì mi méjèèjì rẹ́. Mo sọ fún obìnrin náà pé n kò ní fún òkè tí kò gùn ní nǹkan kan, mo sì bẹ̀ ẹ́ kí ó tún èkejì kọ. Ó tún un kọ lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Èmi ń tọ́ka sí ibi tí ọ̀rọ̀ ìṣe ti yẹ̀ ní àkókò, òun sì ń jà fún àwọn gbólóhùn tí kò fẹ́ kí n fọwọ́ kàn. A kò gbà lórí “jẹ ọwọ́ rẹ̀”. Mo ní kí ó lo ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí “gé”. Ó ní ẹni tí ó bá rí i ní òru náà kò ní pè é ní gígé. Ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ nínú àròkọ rẹ̀. Nínú lẹ́tà tí ó wá fi àròkọ náà ṣe, èyí tí a kọ nípa òfin ọdún 2010 tí ó wà fún owó ìtanràn òṣìṣẹ́ tí ó bá farapa lẹ́nu iṣẹ́, ó gbà láti kọ “gé”, ó sì fi ìdérí ọ̀bẹ náà sínú ìlà kejì, níbi tí ojú yóò ti tètè rí i.

Ó ka lẹ́tà náà fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Yorùbá, láti òkè dé ìsàlẹ̀, nígbà méjì. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kí ó yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò nítorí pé òun kò wí bẹ́ẹ̀; ó yọ ọ́. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ tẹ ìka, ti ọwọ́ tí ó kù fún un. Akẹ́kọ̀ọ́ mi mú bírò, ó sì kọ orúkọ ara rẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó kọ ìwé náà, àti nọ́ńbà ilé rẹ̀ ní Agége.