Fíúsì Tó Já Nínú Ẹ̀rọ Tí Kò Gbóná Mọ́

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ ọdún 2016 ni. Aṣọ ń yí lọ́wọ́ nínú dryer, ẹ̀rọ tó ń mú aṣọ gbẹ, ní àjà keje Shepherd's Court, ilé alájà 18 kan ní ìwọ̀ oòrùn London. Iná sọ. Òṣìṣẹ́ panápaná 120 àti ọkọ̀ wọn 20 ló dé ibẹ̀. Ọlọ́run yọ àwọn ará ilé, ẹnikẹ́ni kò kú, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìdílé sá jáde láìmú nǹkan kan dání.

Ohun tó dùn mí jù ni pé wọ́n ti mọ̀. Láti oṣù Kọkànlá ọdún 2015 ni Whirlpool, ilé iṣẹ́ tó ni orúkọ Indesit ara ẹ̀rọ náà nígbà yẹn, ti kéde pé ìhùùhù òwú tó ń bọ́ lára aṣọ lè kan irin tó ń gbóná nínú rẹ̀, kó sì gbiná. Wọ́n ní àwọn yóò rán ẹni tí yóò tún un ṣe wá. Kí onítọ̀hún tó dé ńkọ́? Wọ́n ní káwọn èèyàn máa lò ó lọ, kí wọ́n ṣáà má fi í sílẹ̀ jáde. Ẹni tó ń lo èyí tó gbiná yìí wà nílé, kò jáde. Oṣù Kejì ọdún 2017 ni wọ́n tó wá sọ pé kí àwọn tó ni ín yọ ọ́ kúrò lára iná.

"Ẹ máa lò ó lọ ná." Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí ẹnu àwa náà ní Ìjẹ̀bú-Igbó àti Àgọ́-Ìwòyè. Ìwọ wò ó: òjò oṣù Keje kò jẹ́ kí o sá aṣọ síta. Dryer tòkunbọ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ọ ń yí, ṣùgbọ́n tútù ni aṣọ ń jáde. O pe oníná. Ó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, ó rí fíúsì kékeré kan tó ti já, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má wulẹ̀ ra òmíràn. Wáyà ni mo máa fi so ó pọ̀, ẹ ṣì máa lò ó lónìí."

Ibẹ̀ gan-an ni kí o ti dá a dúró.

Fíúsì yẹn kò ṣàdédé já. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìhùùhù ló ti dí ihò tí atẹ́gùn gbígbóná ń gbà jáde. Ooru há sínú, fíúsì sì gé iná kúrò lára irin kí ilé rẹ má baà jó. Bí o bá fi wáyà rọ́pò rẹ̀, irin á tún gbóná lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní sí fíúsì tí yóò gé iná rẹ̀ mọ́ bí ooru bá tún há. Òru lè ni, àwọn ọmọ sì ti sùn.

Yọ ẹ̀rọ náà kúrò lára iná kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Kó ìhùùhù inú asẹ́ rẹ̀ dànù, kí wọ́n tú páìpù ẹ̀yìn rẹ̀, kí wọ́n nù ún mọ́. Fíúsì tuntun tó bá ti tẹ́lẹ̀ mu ni kí wọ́n fi sí i. Bí kò bá sí lọ́jà, fún aṣọ ilé-ìwé ọmọ rẹ dáadáa lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, sá a sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí o sì fi fáànù sí i.