ÌFURA ỌKÀN ÀTI ÌGBÀGBỌ́



Nínú ìpàdé àwọn olùkọ́ Ilé-Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi tí a ṣe kọjá, ọ̀kan nínú wọn dìde, ó sì bi wá ní ìbéèrè kan tí ó mú kí gbogbo ilé dákẹ́. Ó wí pé, bí ìgbàgbọ́ bá jẹ́ mímọ ohun tí a kò fi ojú rí, kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin rẹ̀ àti ohun tí ọkàn ènìyàn ń sọ fún un? Ó ní ìyá òun a máa wí pé, “Ara ń fu mí,” ọ̀ràn a sì máa rí bí ó ti wí. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá náà kì í ṣe onígbàgbọ́. A dá a lóhùn ní ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n ìdáhùn wa kò tẹ́ àwa fúnra wa lọ́rùn. Nítorí náà ni a ṣe tún mú ọ̀rọ̀ náà wá sí ojú ewé yìí.

Kí a má ṣe kẹ́gàn ìfura. Àwọn baba wa kò sọ ọ́ lásán pé ìfura ni oògùn àgbà. Ìyá tí ó ti tọ́ ọmọ púpọ̀ yóò wo ojú ọ̀kan nínú wọn ní òwúrọ̀, yóò sì mọ̀ pé àìsàn ń bọ̀ kí ara ọmọ náà tó gbóná. Àgbẹ̀ yóò wo òkè, yóò ní òjò yìí kò ní í rọ̀, bí ó tilẹ̀ ṣú. Olùkọ́ tí ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ a máa mọ ọmọ tí kò jẹun wá sí ilé-ìwé, láìjẹ́ pé ọmọ náà ya ẹnu. Bí a bá bi wọ́n léèrè bí wọ́n ti ṣe mọ̀, wọn kò lè sọ. Ohun tí ojú wọn ti rí ní ọdún púpọ̀ ni ó kó ara jọ sínú wọn, tí ó sì ń sọ̀rọ̀ kí ẹnu tó rí ọ̀rọ̀ fi sí i. Ẹ̀bùn Ọlọ́run ni èyí pẹ̀lú, Ó sì fi í fún onígbàgbọ́ àti aláìgbàgbọ́, gẹ́gẹ́ bí Ó ti ń rọ òjò sí oko àwọn méjèèjì.

Ṣùgbọ́n ìfura a máa rí ohun kan, a sì máa pè é ní orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan láti inú ìtàn Ìjọ wa. Ní ọdún 1841, ọkọ̀ mẹ́ta, Albert, Wilberforce àti Soudan, gba Odò Ọya gòkè. Sámúẹ́lì Àjàyí Crowther wà nínú ìrìn-àjò náà, bí a kò tilẹ̀ tí ì fi í jẹ àlùfáà nígbà náà. Schön, òjíṣẹ́ C.M.S., sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Ní ayé ìgbà náà, ó dá ọ̀pọ̀ àwọn ọlọ́gbọ́n Yúróòpù lójú pé afẹ́fẹ́ búburú tí ń jáde láti inú irà ni ó ń fa ibà. Àní orúkọ tí àwọn ará Ítálì fi pè é, málẹ́ríà, afẹ́fẹ́ búburú ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ta ni kì bá gbà bẹ́ẹ̀? Ẹni tí ó bá dúró létí irà, tí òórùn rẹ̀ sì gbá a nímú, ara rẹ̀ yóò sọ fún un pé ikú wà níbẹ̀. Nítorí náà wọ́n ṣe ẹ̀rọ sínú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí, tí yóò máa fa afẹ́fẹ́ wọlé, tí yóò sì máa fi oògùn wẹ̀ ẹ́ mọ́ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ń sùn nísàlẹ̀ ọkọ̀. Owó púpọ̀ àti ọgbọ́n púpọ̀ ni wọ́n ná sí i. Síbẹ̀, nínú àwọn òyìnbó 145 tí ó lọ, ibà mú 130, ó kéré tán 40 sì kú.

Ní ọdún 1854 Crowther tún gba odò kan náà lọ, pẹ̀lú Dókítà Baikie nínú ọkọ̀ Pleiad. Baikie mú kí àwọn ènìyàn rẹ̀ máa lo kíníìnì, oògùn kíkorò tí a ń rí láti inú èèpo igi, kí ibà tó mú wọn rárá. Ọjọ́ 118 ni wọ́n lò lójú odò, ẹnì kan nínú wọn kò sì kú. Baikie pàápàá kò mọ ohun tí ń fa ibà náà. Ó di ọdún 1897 kí Ronald Ross tó rí kòkòrò rẹ̀ nínú ẹ̀fọn ní ilẹ̀ Íńdíà. Inú omi tí ó dúró sójú kan ni ẹ̀fọn sì ń yé ẹyin sí. Ẹ kíyèsí i, ẹ̀yin ará: àwọn tí ń bẹ̀rù irà kò ṣìnà pátápátá. Ewu wà níbẹ̀ lóòótọ́. Òórùn ni wọ́n dì mú, tí wọ́n sì jẹ́ kí ẹ̀fọn máa fò kọjá létí wọn. Nítorí tí ó sì dá wọn lójú tó bẹ́ẹ̀, ó pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó wo ibòmíràn.

Bí ẹnì kan bá rò pé ti àwọn ọlọ́gbọ́n ayé ni èyí, pé ti ènìyàn Ọlọ́run yàtọ̀, kí ó ṣí Ìwé Sámúẹ́lì Kìn-ín-ní, orí 16. Sámúẹ́lì ti di àgbà, gbogbo Ísírẹ́lì ni ó sì mọ̀ ọ́n ní wòlíì. Ó dé ilé Jésè, ó rí Élíábù, ọmọkùnrin gíga, arẹwà. Lójú kan náà ọkàn wòlíì náà sọ fún un pé ẹni tí òun wá fi òróró yàn nìyí. Ọkàn rẹ̀ ṣì í. Ọmọ méje ni ó kọjá níwájú rẹ̀, ẹni tí a yàn sì ṣì wà lẹ́yìn àgùntàn nínú pápá. Ìwo òróró wà lọ́wọ́ Sámúẹ́lì. Kò kánjú dà á. Ó dúró, a bá a wí, ó sì gbà pé òun kò mọ̀.

Níhìn-ín ni a rí ìyàtọ̀ náà. Inú wa ni ìfura ti ń wá, ó sì ń fẹ́ kí a gba òun gbọ́ nítorí pé ohùn rẹ̀ le. Ìgbàgbọ́ ń fi ara ti Ẹlòmíràn, tí ó ti sọ̀rọ̀, tí a sì ti rí ìṣòtítọ́ rẹ̀. Ábúráhámù kò jáde kúrò ní ilé baba rẹ̀ nítorí pé ara rẹ̀ sọ fún un pé ilẹ̀ rere kan wà níwájú. A pè é ni. Kò mọ ilẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ó mọ ẹni tí ó pè é. Nígbà tí Crowther rí ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní oṣù kẹjọ ọdún 1846, ó ti tó bí ọdún 25 tí ogun tí ó kó Òṣogùn ti yà wọ́n nípa. Wọ́n wo ara wọn, ọ̀rọ̀ kò jáde. Ìyá náà ń gbọ̀n, ó di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú, ó sì ń pè é ní àwọn orúkọ tí a fi ń pè é ní kékeré. A kò jẹ́ pe èyí ní ìfura. Ó ti pọ̀n ọ́n, ó ti tọ́ ọ. Ọmọ rẹ̀ ni ó mọ̀. (Ní ọdún 1848 ni a ṣe ìrìbọmi fún un, ó sì gba orúkọ Hánà, tí í ṣe orúkọ ìyá Sámúẹ́lì.) Irú ìmọ̀ báyìí ni ìgbàgbọ́, mímọ Ẹni tí ó ti ń bá wa gbé. Ìmọ̀ yìí tó láti fi ẹ̀mí wa lé e lọ́wọ́. Kò sọ fún wa ẹni tí ó mú owó aládùúgbò wa, tàbí ẹni tí ó wà nídìí àìsàn ọmọ wa.

A mọ èyí, nítorí pé níbẹ̀ gan-an ni àwa fúnra wa ti ṣẹ̀. Ní ìjọ kan tí a ti ṣiṣẹ́ rí, obìnrin oníṣòwò kan, ẹni rere tí kì í pa ìsìn jẹ, wá bá wa ní alẹ́ ọjọ́ kan pé owó òun ti sọnù nínú àpótí, àti pé ọmọbìnrin tí ń gbé ọ̀dọ̀ òun ni ó mú un. A bi í bóyá ẹnì kan rí i. Ó ní, “Bàbá, mo ti gbàdúrà sí i. Ẹ̀mí ni ó fi hàn mí. Ọkàn mi kò tàn mí jẹ rí.” Ohun tí ó ń dùn wá títí di òní ni pé bí ó ti wí bẹ́ẹ̀, ọkàn tiwa pẹ̀lú dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, nítorí ọmọ náà kì í wo ojú ẹni bí ó bá ń sọ̀rọ̀, ó sì ti pẹ́ tí ara ti ń fu wá sí i. Àṣé wọ́n ti kọ́ ọ nílé pé ọmọ kì í wo àgbà lójú. Ẹ̀kọ́ ilé ni àwa kà sí àmì olè. A kò pe ọmọ náà kí a bi í. A bá obìnrin náà gbàdúrà, ó sì dá ọmọ náà padà sí oko baba rẹ̀ ní ọjọ́ kejì.

Kò pé oṣù kan tí alájọ fi kó owó dé. Nígbà tí wọ́n kà á, ó ju èyí tí obìnrin náà ń retí lọ. Alájọ ní, “Ìyá, ẹ ti gbàgbé ni? Ọjọ́ tí ẹ ń kánjú lọ síbi òkú ni ẹ san ti oṣù méjì pọ̀.” Iye tí ó sọnù nínú àpótí gan-an ni.

Àwa méjèèjì lọ sí oko náà. Baba ọmọ náà gbé àga fún wa, kò sì bá wa jà. Ì bá sàn fún wa kí ó bá wa jà. Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó kí wa. A bẹ̀ ẹ́ kí ó dáríjì wá, àwa tí a tó bí i lọ́mọ. Ó wo ilẹ̀, ó ní, “Ó ti tán, Bàbá.” Obìnrin náà bẹ̀ ẹ́ kí ó padà wá, kò padà.

Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá wá bá wa pé a fi ohun kan hàn òun nípa ẹnìkejì rẹ̀, ohun tí a kọ́kọ́ ń bi í ni pé, ǹjẹ́ o ti bi ẹni náà fúnra rẹ̀? Inú àwọn mìíràn kì í dùn sí wa. Wọ́n ń wí pé a ń pa iná Ẹ̀mí. Ṣùgbọ́n ọmọdé nì, Sámúẹ́lì, nígbà tí ó gbọ́ ohùn Ọlọ́run tòótọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó dìde tọ Élì lọ. Kò sì sí ohun tí Ọlọ́run pàdánù nípa èyí. Ohùn náà tún pè é.

Sí olùkọ́ wa tí ó béèrè: kí o dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nítorí ojú inú ìyá rẹ, kí o sì máa fetí sí i nígbà tí ó bá ní kí o má ṣe gba ọ̀nà kan lọ ní alẹ́. Ṣùgbọ́n fi ọgbọ́n bi í, bí ọmọ ti ń bi ìyá, iye ìgbà tí ara ti fu ú tí ohunkóhun kò sì ṣẹlẹ̀. A kì í sábà ka ìwọ̀nyẹn. Ní ìpàdé oṣù tí ń bọ̀ a óò ka orí 3 àti orí 16 Ìwé Sámúẹ́lì Kìn-ín-ní pọ̀, ìwọ ni a sì fẹ́ kí o ṣáájú wa nínú ẹ̀kọ́ náà.